Àdàlù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Ya Ohun Tó Dàpọ̀ Sọ́tọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka kẹ́mísírì ní girama, àti àwọn òbí tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé lálẹ́, ni mo kọ èyí fún. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè jù ni mo dáhùn. Ibi tó ń kó ìdààmú bá wọn jù ni mo dúró lé lórí. Ibi tí kò le, mo kàn fẹsẹ̀ kan kọjá níbẹ̀.

Kí ló mú kí nǹkan jẹ́ àdàlù, tí a kò fi pè é ní kọ́ḿpáùn?

Nínú àdàlù, olúkúlùkù ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń hu ìwà ara rẹ̀. Ẹ bu lẹ́búlẹ́bú irin àti imí-ọjọ́ sínú abọ́ kan, kí ẹ rò wọ́n pọ̀ títí ẹ ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ irin mọ́. Ẹ wá mú òòfà sún mọ́ ọn. Gbogbo irin á fò lẹ̀ mọ́ òòfà, imí-ọjọ́ á sì kù sínú abọ́. Àdàlù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá kó àdàlù yìí kan náà sínú túùbù, tó ki iná bọ̀ ọ́ nídìí títí tó fi pọ́n yòò, ohun dúdú kan ló máa jáde. Òòfà ò ní rí i fà mọ́. Tí wọ́n bá kán ásíìdì sí i, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ló máa yọ (gáàsì náà lóró, ẹ má dán an wò nílé). Irin kì í ṣe irin mọ́, imí-ọjọ́ kì í ṣe imí-ọjọ́ mọ́. Wọ́n ti di iron sulphide, kọ́ḿpáùn nìyẹn, kò sì sí asẹ́ tàbí òòfà kan tó lè tú wọn ká mọ́.

Gbogbo ọ̀nà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń pa ìwà ohunkóhun dà. Ohun tí ẹ kó wọlé náà lẹ máa kó jáde, wọ́n kàn ti kúrò lára ara wọn ni.

Ọ̀nà náà pọ̀. Ṣé dandan ni kí n há gbogbo rẹ̀ sórí?

Rárá o. Híhá a sórí gan-an ló ń mú kí ọmọ kọ orúkọ ọ̀nà mẹ́wàá sílẹ̀ tí kò sì mọ èyí tó máa lò nígbà tí wọ́n bá gbé àdàlù síwájú rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ máa bi ara yín: kí ni àwọn nǹkan tó dàpọ̀ yìí fi yàtọ̀ síra wọn?

Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan tóbi, èkejì kéré, ẹ wá ohun tó ní ihò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan máa ń yòrò sínú omi tí èkejì kì í yòrò, ẹ wá omi. Tí ọ̀kan bá ń hó kí èkejì tó hó, iná ni. Tí òòfà bá ń fa ọ̀kan, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa ṣe. Tí ẹ bá ti rí ìyàtọ̀ náà, ọ̀nà ti là. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn jákèjádò ojú ìwé yìí, torí òun ni màá máa padà sí.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín jíjọ̀ àti sísẹ́?

Ohun gbígbẹ là ń jọ̀. Ohun tó ní omi lára là ń sẹ́. Ìyàtọ̀ tí àwọn méjèèjì ń lò jẹ́ ọ̀kan náà: títóbi àti kíkéré. Nígbà tí a bá ń jọ̀ gaàrí tí a fẹ́ yan, kúlúkúlù ẹ̀gẹ́ tí kò kúnná á kù sórí ajọ̀, èyí tó kúnná á sì bọ́ sísàlẹ̀.

Tí a bá sì ń ṣe ògì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa. Wọ́n á da àgbàdo lílọ̀ sórí asẹ́ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ta sẹ́nu ọpọ́n, wọ́n á máa da omi sí i, wọ́n á máa fọwọ́ rò ó. Eèrí á kù lókè, omi funfun á sì máa ṣàn wọlé sísàlẹ̀. Sísẹ́ nìyẹn. Omi funfun yìí ò tíì jẹ́ ògì, torí lẹ́búlẹ́bú àgbàdo ṣì léfòó káàkiri inú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé e kalẹ̀. Tó bá di àárọ̀, lẹ́búlẹ́bú tó wúwo ju omi lọ á ti silẹ̀, omidùn á sì tòrò lójú. Sísilẹ̀ ni ọ̀nà kejì, wíwúwo ló sì ń lò, kì í ṣe títóbi. Ìkẹta ni pé wọ́n á rọra da omidùn kúrò lórí ògì láì rú ìsàlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń rọra dà á ni ìdí kan náà tí wọ́n fi ní kí ẹ fi ọ̀pá gíláàsì darí omi tí ẹ bá ń dà á láti inú bíkà kan sí òmíràn ní láàbù: tí ìsàlẹ̀ bá rú, iṣẹ́ àṣemọ́jú ti di asán.

Mo sẹ́ omi kànga, ó mọ́ gaara. Ṣé mo lè mu ún?

Ẹ má mu ún. Ihò bébà asẹ́ tó wọ́pọ̀ ní láàbù tó nǹkan bíi máíkírómítà 11. Tí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà kan. Ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ju máíkírómítà kan sí márùn-ún lọ, nítorí náà wọn á gba ihò náà kọjá láì fara kan ẹ̀gbẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi nílé, ihò tirẹ̀ tún fẹ̀ ju ti bébà lọ.

Ohun kejì ni pé asẹ́ ò lè dá ohun tó ti yòrò dúró. Iyọ̀ tó ti yòrò ti di ohun tó wà káàkiri inú omi lọ́nà tí ojú kò lè rí. Ẹ tún un sẹ́ nígbà ogún, adùn iyọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀. Bákan náà ni májèlé èyíkéyìí tó bá yòrò sínú omi kànga.

Álọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn ń fi sómi ń ṣe iṣẹ́ kan tó wúlò: ó ń mú kí ìdọ̀tí kéékèèké so mọ́ra wọn, kí wọ́n lè wúwo tó láti silẹ̀. Kóró igi mòríńgà tí a bá lọ̀ kúnná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó tòrò lè ní kòkòrò àrùn nínú. Ẹ sè é kó hó dáadáa, tàbí kí ẹ lo kiloríìnì bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan; ọmọdé ń ti ipa omi tó mọ́ lójú dèrò ọsibítù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé bí a ṣe ń ya iyọ̀ kúrò lára iyanrìn, ní ẹsẹẹsẹ.

Ìyàtọ̀ wọn: iyọ̀ ń yòrò sínú omi, iyanrìn kì í yòrò.

Ẹ da omi sí àdàlù náà nínú bíkà, kí ẹ rò ó. Ẹ má bomi pọ̀ jù, torí gbogbo omi tí ẹ bá dà sí i lẹ ṣì máa gbẹ padà. Omi mílílítà 100 lè gba iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 36, nítorí náà tí iyọ̀ yín bá jẹ́ gíráàmù 10, mílílítà 40 tó ó tó ó kù. Ẹ ṣẹ́ bébà asẹ́ sí mẹ́rin, kí ẹ ṣí i bí àrọ, kí ẹ gbé e sínú àrọ gíláàsì, kí ẹ sì da àdàlù náà sí i. Omi iyọ̀ á kọjá, iyanrìn á kù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Iyanrìn tó kù sórí bébà ṣì rin fún omi iyọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ da omi mímọ́ díẹ̀ lé e lórí láti ṣan iyọ̀ náà sísàlẹ̀, kí ẹ tó sọ pé iyanrìn yín mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá da omi iyọ̀ sínú abọ́ tánganran, kí ẹ sì fi iná gbẹ omi rẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, ẹ dín iná kù tàbí kí ẹ gbé abọ́ náà lé orí omi tó ń hó. Iyọ̀ tó fẹ́ gbẹ máa ń ta pàrà-pàrà, ó sì lè ta síni lójú. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò.

Kí ló dé tí wọ́n á fi ní ká gbẹ omi kan tán, tí wọ́n á sì ní ká má gbẹ òmíràn tán?

Ó sinmi lórí ohun tó yòrò sínú omi náà. Iyọ̀ tí a ń jẹ lè fara da iná, kò séwu tí omi bá gbẹ tán lára rẹ̀. Ṣúgà ò lè fara dà á. Á pọ́n, á jóná, á di èédú. Copper sulphate aláwọ̀ búlúù ní omi nínú kírísítà rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá fi iná gbẹ ẹ́ tán, omi yẹn á jáde, búlúù náà á ṣá, yóò di lẹ́búlẹ́bú funfun. Ẹni tó ní kí ẹ mú kírísítà búlúù wá kò ní gba funfun lọ́wọ́ yín.

Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ óò gbẹ omi náà títí tó fi kún fún ohun tó yòrò sí i, ẹ óò wá gbé e kalẹ̀ kó tutù. Omi gbígbóná ń gba ohun púpọ̀ mọ́ra ju omi tútù lọ. Potassium nitrate ni àpẹẹrẹ tó hàn jù: nínú gíráàmù omi 100, nǹkan bíi gíráàmù 110 rẹ̀ ló ń yòrò ní 60°C, ṣùgbọ́n ní 20°C, nǹkan bíi 32 péré ni. Tí ó bá ti tutù, gíráàmù 78 tó ṣẹ́ kù kò ríbi gbà, wọ́n á sì jáde sínú abọ́ ní kírísítà. Tí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà nínú omi náà, kò pọ̀ tó láti kún omi, nítorí náà inú omi ló máa dúró sí. Ìdí nìyí tí kírísítà fi sábà ń mọ́ ju ohun tí a gbẹ tán lọ. Bó bá ṣe rọra tutù tó, bẹ́ẹ̀ ni kírísítà náà á ṣe tóbi tó.

Ṣé ẹnikẹ́ni ń fi èyí jẹun, àbí láàbù nìkan ló mọ?

Àwọn obìnrin kan ń fi í jẹun ní etí ọ̀sà lẹ́bàá Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà á fà sẹ́yìn, á fi iyọ̀ sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Wọ́n á ha erùpẹ̀ oníyọ̀ yìí jọ, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n á wá máa da omi ọ̀sà lé e lórí. Omi náà á gba inú erùpẹ̀ kọjá, á gbé iyọ̀ dání, á máa kán sínú ohun tí wọ́n gbé sábẹ́. Omi tó kán sílẹ̀ yìí níyọ̀ ju omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ lọ púpọ̀, òun ni wọ́n ń sè lórí iná títí tí iyọ̀ fi máa kù. Ẹ fi wé ìdáhùn iyọ̀ àti iyanrìn lókè: yíyòrò, sísẹ́, gbígbẹ, kò sí ìyàtọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni igi ìdáná, torí igi tó ń dáàbò bo etí ọ̀sà ni wọ́n ń gé sun. Lílo oòrùn dípò iná ló dára jù tí ààyè bá wà.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn aláró ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, ìkòkò méjì ni wọ́n máa ń gbé lé ara wọn. Ìkòkò ti òkè ní ihò nídìí, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó eérú sí. Wọ́n á da omi sí i, omi náà á rọra jò kọjá láàárín eérú, á máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi tó kán sílẹ̀ á pọ́n díẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jù ni potassium carbonate, tó máa ń yòrò sínú omi gan-an. Ìyókù eérú kò yòrò, ó kù sókè. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ elú sí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ aláró lè jókòó nínú kíláàsì, kó há ìtumọ̀ sísẹ́ sórí ní èdè òyìnbó, kó má sì mọ̀ pé ìyá òun ń ṣe é lẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́.

Ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀nà yìí parí sí, torí WAEC fẹ́ràn láti béèrè ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí a bá ń ṣe ọṣẹ dúdú, gbígba omi eérú jáde jẹ́ yíya àdàlù sọ́tọ̀. Nígbà tí a bá wá sè é pọ̀ mọ́ epo tó fi di ọṣẹ, ohun tuntun ti dé, ìyẹn kì í ṣe àdàlù mọ́. Rírẹ elú náà rí bẹ́ẹ̀: ohun tuntun ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò aró.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ògógóró látinú ẹmu?

Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ń hó. Ethanol, ìyẹn ohun tó ń múni yó nínú ọtí, ń hó ní 78°C. Omi ń hó ní 100°C.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan fún ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú àgbá onírin. Wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á dí gbogbo ibi tó lè jò. Páìpù kan jáde láti orí àgbá náà, ó gba inú omi tútù kọjá, ó sì já sẹ́nu ìgò. Tí iná bá ti mú, ooru tó ń gòkè (ìyẹn ẹmu tó ti di bíi gáàsì) á ní ethanol nínú púpọ̀ ju ẹmu fúnra rẹ̀ lọ. Omi tútù tó yí páìpù ká á mú un tutù, á tún di ohun tó ń ṣàn, á máa kán sínú ìgò. Àgbá yẹn ni ìgò ìsè ti láàbù. Páìpù inú omi ni kọ̀ńdẹ́ńsà. Ìmọ̀ wọn yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ẹlẹ́yà.

Nínú èyí tí ẹ máa ṣe ní láàbù, ohun méjì ni ẹ má gbàgbé. Omi tútù gbọ́dọ̀ máa gba ìsàlẹ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà wọlé, kó gba òkè jáde, kó lè kún un dáadáa. Orí tẹmómítà sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ooru ń gbà jáde, kò gbọ́dọ̀ ri sínú ohun tó ń hó, torí ìwọ̀n ooru ohun tó ń gòkè lẹ fẹ́ mọ̀.

Tí wọ́n bá ń tún un sè léraléra, ṣé ethanol pọ́ńbélé ló máa kù?

Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń tún un sè ni ethanol ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tó bá dé nǹkan bíi 95.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìwọ̀n, ó ti dé òpin. Níbẹ̀, ethanol àti omi ń hó pọ̀ ní 78.2°C, ooru tó ń gòkè àti ohun tó wà nínú ìgò sì ti di ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ tí a ń lò ti tán, ọ̀nà náà tán nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ omi tó kù gbọ́dọ̀ wá ìyàtọ̀ mìíràn, bíi ohun gbígbẹ tó lè fa omi mọ́ra.

Ṣé èèyàn lè fojú tàbí ahọ́n mọ̀ pé ọtí tó kán jáde kò léwu?

Kò sẹ́ni tó lè fi ojú tàbí ahọ́n mọ̀ ọ́n. Methanol jọ ethanol lójú, ó jọ ọ́ nímú, 64.7°C ló fi ń hó, díẹ̀ rẹ̀ sì lè fọ́ni lójú tàbí kó pani. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn kàn ń ṣú lójú, wọ́n ń kú, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ló wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń fi iná tàbí adùn ẹnu dán ọtí wò, ẹ má gbà á gbọ́. Inú láàbù nìkan ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n.

Epo rọ̀bì ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó dàpọ̀ nínú epo rọ̀bì pọ̀ rẹpẹtẹ, ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń hó sì sún mọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ilé gogoro onírin. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iná gbóná epo náà tó nǹkan bíi 350°C, wọ́n á wá tì í wọ ìsàlẹ̀ ilé gogoro náà. Ìsàlẹ̀ ló gbóná jù, òkè ló tutù jù. Ooru epo á máa gòkè. Èyíkéyìí tó bá dé ibi tí kò gbóná tó fún un mọ́, á di olómi, wọ́n á fà á jáde níbẹ̀. Gáàsì ìdáná á gba orí jáde, bẹntiróòlù á tẹ̀ lé e, kẹrosíìnì, dísẹ́ẹ̀lì, títí dé ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì, èyí tó kù sísàlẹ̀.

Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, ni wọ́n kọ́ láti fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Ẹ rántí pé bẹntiróòlù tó jáde níbẹ̀ ṣì jẹ́ àdàlù. Ohun tí ilé gogoro ṣe ni pé ó kó àwọn tó ń hó ní ìwọ̀n ooru tó sún mọ́ra sójú kan.

Ṣé a lè ya afẹ́fẹ́ náà sọ́tọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n á mú un tutù títí tó fi di olómi, wọ́n á wá jẹ́ kó rọra gbóná. Nitrogen á kọ́kọ́ hó ní −196°C, argon ní −186°C, oxygen ní −183°C. Ọ̀pọ̀ oxygen tó wà nínú sílíńdà ọsibítù, ọ̀nà yìí ló gbà wá.

Omi dà pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì. Kí ni kí n ṣe?

Wọn ò tilẹ̀ dà pọ̀. Kẹrosíìnì fúyẹ́ ju omi lọ, ó máa léfòó. Ẹ dà wọ́n sínú àrọ onípáǹpù, kí ẹ dúró kí wọ́n pín, kí ẹ ṣí páǹpù ìsàlẹ̀ kí omi jáde, kí ẹ sì tì í nígbà tí ojú ààlà bá dé ẹnu páǹpù. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìdérí òkè kúrò o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣàn dáadáa.

Kí ni wọ́n ń pè ní sublimation?

Ohun líle tó ń di ooru láì kọ́kọ́ di olómi, tó sì tún ń padà di líle bó bá kan ohun tútù. Iodine ṣe bẹ́ẹ̀, ooru rẹ̀ a máa jẹ́ elésè àlùkò. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ náà ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tán láì rin aṣọ. Àwọn ìwé girama ka ammonium chloride mọ́ wọn. Lóòótọ́, ṣe ló ń pín sí gáàsì méjì tó tún ń pàdé lókè, ṣùgbọ́n fún ìdánwò, ẹ kọ ọ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́.

Wíwúwo nìkan, ṣé ó tó láti ya nǹkan sọ́tọ̀?

Ó tó nígbà tí ìyàtọ̀ bá pọ̀. Ní Ìtagunmódì àti àyíká Iléṣà, tí wọ́n bá ń fọ wúrà, wọ́n á bu iyanrìn odò sínú abọ́ fífẹ̀, wọ́n á máa fi omi yí i. Wúrà tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó gíráàmù 19.3, ti iyanrìn kò ju nǹkan bíi 2.65 lọ. Omi á gbé iyanrìn lọ, wúrà á sì jókòó sídìí abọ́. Àwọn kan máa ń fi mákúrì gbá wúrà kéékèèké jọ, wọ́n á wá fi iná lé mákúrì náà lọ. Ooru mákúrì ń ba ọpọlọ jẹ́, ti ọmọdé jù lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé tàbí létí odò.

Níbi tí ìyàtọ̀ bá kéré, a máa ń fi yíyí kún un. Ẹ̀rọ tó ń yí túùbù ẹ̀jẹ̀ bíríbírí ní ọsibítù ń ti sẹ́ẹ̀lì pupa lọ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan; omi ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè á kù lókè.

Èwo nínú wọn ni mo lè ṣe nílé láìséwu?

Chromatography, ìyẹn jíjẹ́ kí àwọ̀ tó dàpọ̀ pín bí ohun olómi ṣe ń gbé wọn rìn. Ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń kọ́ nípa ewéko, Mikhail Tsvet, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó da oje ewé sórí lẹ́búlẹ́bú ẹfun nínú túùbù gíláàsì, ó rí i tí àwọ̀ ewé pín sí ìpele ìpele: ewé tí gbogbo ayé rò pé ó jẹ́ àwọ̀ kan. Ní ọdún 1952, Archer Martin àti Richard Synge gba ẹ̀bùn Nobel fún irú ọ̀nà yìí tí wọ́n mú tẹ̀ síwájú.

Tiyín rèé. Ẹ gé bébà tó ń fa omi, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà sí sẹ̀ǹtímítà méjì láti ìsàlẹ̀. Bíírò ò dáa, torí òun náà á gòkè. Ẹ kán tádàwà dúdú tí omi lè tú sójú ilà náà, ní ààmì kékeré. Ẹ fi bébà náà kọ́ sínú ife tó ní omi díẹ̀, kí omi má dé ojú ààmì náà, kí ẹ má sì gbé e mì. Bí omi ṣe ń gòkè, àwọ̀ tó fẹ́ràn omi á bá a lọ, èyí tó lẹ̀ mọ́ bébà á kù lẹ́yìn, ẹ óò sì rí búlúù, pupa àti ìyeyè níbi tí dúdú wà. Tí omi bá rìn ní sẹ̀ǹtímítà 9 láti ojú ilà, tí àwọ̀ kan sì rìn ní 4.5, ẹ fi 9 pín 4.5: 0.5 ni Rf rẹ̀, ìyẹn bí àwọ̀ náà ṣe rìn tó tí a bá fi wé bí omi ṣe rìn.

Wọ́n fún mi ní iyọ̀, iyanrìn, lẹ́búlẹ́bú irin àti ammonium chloride nínú abọ́ kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìtòtẹ̀léra ni ìdánwò níbí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ da omi sí i, iyọ̀ àti ammonium chloride máa yòrò pọ̀, irin sì lè máa dípẹtà. Ẹ kọ́kọ́ fi òòfà tí ẹ fi bébà wé gba irin jáde. Ẹ fi iná gbóná ìyókù nínú abọ́ tánganran, kí ẹ dojú àrọ dé e, kí ẹ fi òwú dí ẹnu àrọ. Ammonium chloride á lẹ̀ mọ́ inú àrọ ní funfun. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ha á sílẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó wá da omi sí èyí tó kù, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan iyanrìn, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì gbẹ omi iyọ̀. Níwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìyàtọ̀ tí ẹ lò síbẹ̀, torí ẹni tó ń máàkì kò lè fún yín ní máàkì lórí ohun tí ẹ kò kọ.